Iṣẹ́ Púpọ̀ Tí Owó Rẹ̀ Kéré: Ṣé Kí Télọ̀ Gbà Á Ni, Tàbí Kí Ó Kọ̀ Ọ́?

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nínú ìwé wa ti oṣù yìí kì í ṣe tuntun sí àwọn tí ó wà ní ìpàdé wa tí ó kọjá. A rántí bí ariwo ti pọ̀ tó nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, ọ̀gá télọ̀, dìde tí ó ní òun ń wá ìmọ̀ràn. Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ẹni tí ó ni ilé ẹ̀kọ́ kan wá bá a, ó ní kí ó bá òun rán aṣọ ilé ìwé 200 láàárín oṣù kan. Iye tí télọ̀ yìí ń gbà lórí irú aṣọ bẹ́ẹ̀, tòun ti aṣọ tí yóò rà fúnra rẹ̀, ni ₦8,000. Onílé ẹ̀kọ́ ní ₦5,800 ni òun yóò san, nítorí pé iṣẹ́ púpọ̀ ni òun gbé wá. Àwọn Haúsá tí a jọ ń gbé ń pe irú ẹ̀dínwó bẹ́ẹ̀ ní ragi, a sì mọ̀ pé kò sí ọjà tí wọn kì í ti í bèèrè ragi. Ṣùgbọ́n ragi ₦2,200 lórí aṣọ kan ṣoṣo kì í ṣe ohun kékeré.

Ẹgbẹ́ pín sí méjì lójú ẹsẹ̀. Àwọn àgbà ní kí ó má ṣe gbà á, nítorí ẹni tí ó bá gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ba ọjà jẹ́ fún gbogbo télọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí ó gbà á kíákíá, nítorí mọṣíìnì tí ń sùn kò lè san owó ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ ohun tí kò yẹ kí a sọ ní àárín ìpàdé, ó ní ebi ni ó ń pa ọkùnrin náà. Ọ̀gá télọ̀ jókòó, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi túká. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ẹni tí ó bá mú ìṣòro rẹ̀ wá sí àárín àwọn ènìyàn rẹ̀ kò yẹ kí ó ru ìtìjú padà sílé.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, a sì jókòó ti ìwé owó rẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n aṣọ tí mo ti ń tà láti ọdún yìí wá ti kọ́ mi pé a kì í fi ẹnu lásán ṣe ìṣirò. Ó fún mi ní àyè láti kọ ohun tí a rí síhìn-ín, kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn lè fi kọ́gbọ́n, yálà wọ́n ń rán aṣọ ni, tàbí wọ́n ń ṣe bàtà, tàbí wọ́n ń ṣe búrẹ́dì.

OWÓ TÍ Ń RÌN ÀTI OWÓ TÍ Ó JÓKÒÓ

Oríṣi owó méjì ni ó ń jáde lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣe ọjà fún títà. Èkíní ni owó tí ń bá iṣẹ́ rìn. Bí iṣẹ́ bá wà, ó jáde. Bí iṣẹ́ kò bá sí, kò jáde. Lórí aṣọ ilé ìwé kan, aṣọ tí télọ̀ wa ń rà ní Kantin Kwari gba ₦3,000. Òwú, bọ́tìnnì àti síìpù gba ₦400. Owó ọwọ́ ẹni tí ó rán an gba ₦1,200, nítorí iye aṣọ tí ẹni kọ̀ọ̀kan bá rán ni ó fi ń sanwó fún wọn. Epo jẹnẹrétọ̀, èyí tí ń gbé mọṣíìnì àti áyọ́ọ̀nù, gba ₦400. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦5,000.

Èkejì ni owó tí ó jókòó. Owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọlọ́dẹ, owó ọjà, àti owó oṣù ẹni tí ń gé aṣọ, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦270,000 lóṣù. Bí ó rán aṣọ kan, bí ó rán ọgọ́rùn-ún, onílé yóò gba owó rẹ̀, ọlọ́dẹ yóò sì gba tirẹ̀. Ní oṣù tí ọjà dákẹ́ bí irú èyí tí a wà nínú rẹ̀ yìí, tí Iléyá ti kọjá tí Kérésì kò sì tíì súnmọ́, aṣọ 180 ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbé wá. Kí ìṣirò wa má baà díjú, ẹ jẹ́ kí a mú gbogbo wọn bí irú kan náà, ní ₦8,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá pín ₦270,000 sórí aṣọ 180, ₦1,500 ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Níbi yìí ni àwọn àgbà ti gba ọ̀nà tiwọn. Wọ́n ní ₦5,000 àti ₦1,500 jẹ́ ₦6,500, ẹni tí ó bá sì ta ọjà ₦6,500 ní ₦5,800 ti pàdánù ₦700. Lórí aṣọ 200, òfò ₦140,000 nìyẹn. Ìṣirò náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan. Bí télọ̀ bá kọ iṣẹ́ yìí, ǹjẹ́ onílé yóò dá owó ṣọ́ọ̀bù padà fún un? Kò ní dá kọ́bọ̀ padà. ₦270,000 náà ti di sísan kí onílé ẹ̀kọ́ tó wọlé rárá, àwọn oníbàárà 180 sì ni ó ń ru ú. Kò tọ́ kí a tún gbé e lé iṣẹ́ tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kí a wá sọ pé iṣẹ́ náà ni ó mú òfò wá.

Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn yọ ₦5,000 kúrò nínú ₦5,800, wọ́n rí ₦800, wọ́n sọ ọ́ di igba ọ̀nà, wọ́n sì rí ₦160,000. Wọ́n ní owó tí kò sí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Kí àwọn bàbá wa má ṣe bínú sí mi, àwọn ọmọ yìí súnmọ́ òtítọ́ jù. Ṣùgbọ́n àwọn náà kò bèèrè ohun kan tí ó yẹ kí wọ́n bèèrè.

ṢÉ MỌṢÍÌNÌ Ń SÙN LÓÒÓTỌ́?

Mọṣíìnì mẹ́ta ni ọ̀gá télọ̀ ní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rán aṣọ mẹ́rin lóòjọ́, ọjọ́ 25 ni wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lóṣù. Aṣọ 300 ni gbogbo agbára rẹ̀. Àwọn oníbàárà ti gba 180 nínú rẹ̀, ó wá ku 120. Àyè aṣọ 120 yìí nìkan ni ó ń sùn, bẹ́ẹ̀ ni onílé ẹ̀kọ́ ń bèèrè 200. Níbo ni 80 tí ó kù yóò ti wá? Kò sí ibòmíràn ju pé kí ó dá oníbàárà 80 padà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí oníbàárà kan ń mú wá. Ó san ₦8,000, ₦5,000 bá iṣẹ́ rìn, ₦3,000 ṣẹ́kù. Oníbàárà 80 jẹ́ ₦240,000. Nítorí náà, kí télọ̀ tó lè kó ₦160,000 onílé ẹ̀kọ́ wọlé, yóò ti lé ₦240,000 jáde. ₦80,000 ni yóò fi pàdánù, yóò sì ti fi gbogbo oṣù náà làágùn. A kò tíì sọ ti pé oníbàárà tí a dá padà lónìí lè rí télọ̀ mìíràn tí yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó má sì padà mọ́.

Ṣùgbọ́n bí ó bá gba 120 péré, kò sí ẹnì kan tí yóò dá padà. ₦800 lọ́nà 120 jẹ́ ₦96,000, èrè tí ó mọ́ kedere ni. Ẹ wò ó, onílé ẹ̀kọ́ kan náà, aṣọ kan náà, iye kan náà. Bí ó bá gba 200, òfò ₦80,000. Bí ó bá gba 120, èrè ₦96,000. Bí ó bá sì jẹ́ inú oṣù kejìlá ni iṣẹ́ yìí dé, nígbà tí mọṣíìnì kò sinmi, aṣọ kọ̀ọ̀kan tí ó bá gbà ní ₦5,800 yóò mú ₦3,000 lọ kí ó tó mú ₦800 wá.

Nítorí náà ni mo fi sọ pé a kò bèèrè ìbéèrè tí ó tọ́ ní ìpàdé. A ń bèèrè bóyá owó náà kéré. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè ni pé: kí ni iṣẹ́ yìí yóò lé jáde kí ó tó ráyè wọlé?

OHUN TÍ ÀWỌN ÀGBÀ RÍ

Mo ti tako ìṣirò àwọn àgbà, ṣùgbọ́n n kò tako ìbẹ̀rù wọn, nítorí ohun tí wọ́n bẹ̀rù wà lóòótọ́. Bí àwọn oníbàárà 180 bá gbọ́ pé ₦5,800 ni ó gbà lọ́wọ́ onílé ẹ̀kọ́, tí oníkálukú sì dúnàádúrà kí ó lè bá òun yọ ₦500 péré, ₦90,000 ti lọ lóṣù kan. Èrè ₦96,000 fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn. Ní oṣù kejì, onílé ẹ̀kọ́ ti gba aṣọ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ń yọ ₦500 kò ní lọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ni ó ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí télọ̀ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ má ṣe máa pariwo iye náà ní ọjà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbọ́, èsì kan ni kí ó fún un: “Ẹni tí ó bá gbé aṣọ 120 wá lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù tí ọjà dákẹ́, tí ó sì san owó sílẹ̀, èmi yóò bá òun náà ṣe é ní iye yẹn.” Kò sí irọ́ nínú èsì yìí, kò sì sí ojúsàájú níbẹ̀.

Ìbẹ̀rù kejì ni pé kí irú iye yìí má baà di bárakú. Bí gbogbo iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà bá di ₦5,800, kí mọṣíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má sùn rárá, ₦800 lọ́nà 300 jẹ́ ₦240,000. Kò tó ₦270,000 tí ó jókòó. Yóò ṣiṣẹ́ kára, yóò sì tún jẹ gbèsè onílé. Àwa tí a wà ní Òkè Ọya yìí ti rí i pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò gba ilé iṣẹ́ là bí iye ọjà kò bá lè ru ìnáwó. United Nigerian Textiles ní Kàdúná tóbi ju ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni nínú wa lọ, síbẹ̀ owó epo tí ó gbówó lórí àti aṣọ fàyàwọ́ olówó pọ́ọ́kú mú kí ó ti ìlẹ̀kùn ní oṣù kẹwàá ọdún 1907 + 100, èyíinì ni 2007, kò sì tún ṣí i títí di ìparí ọdún 2010. Iye àkànṣe wà fún àyè tí ó ṣófo nìkan. Kò gbọdọ̀ di iye ojoojúmọ́.

KÍ OWÓ WÀ NÍLẸ̀ KÍ A TÓ GÉ AṢỌ

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo fẹ́ kí a fi sọ́kàn, ara mi ni mo ti kọ́ ọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ilé ìtura kan ní kí n bá wọn ṣe kọ́tìnnì fún gbogbo yàrá wọn. Mo dín owó kù fún wọn, a fẹnu kò, inú mi sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi gba kọ́bọ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, Ààrẹ Tinubu kéde ní ọjọ́ ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kí ọjọ́ mélòó kan tó kọjá, epo bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 ní jálá ti kọjá ₦500. Ní oṣù kẹfà, ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, aṣọ òkèèrè sì fò sókè. Iye tí mo ti fi ẹnu sọ dúró síbi tí ó wà, ṣùgbọ́n iye tí mo fi ń ra ọjà kò dúró. Mo parí iṣẹ́ náà nítorí ọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá owó náà san, oṣù kejìlá ni ìkẹyìn rẹ̀ tó wọlé. Ìyàwó mi ni ó fi owó àjọ rẹ̀ san owó ilé ìwé àwọn ọmọ ní ọdún náà.

Nítorí náà, lórí aṣọ 120 yìí, aṣọ, òwú, bọ́tìnnì àti síìpù yóò gba ₦408,000. Kí onílé ẹ̀kọ́ san iye yẹn sílẹ̀ kí sáàsì tó kan aṣọ. Kí ìyókù wọlé ní ọjọ́ tí yóò kó aṣọ rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé iye náà dúró fún ọ̀sẹ̀ kan péré bí kò bá tíì san owó sílẹ̀. Bí ó bá kọ̀ láti san ohunkóhun sílẹ̀, a jẹ́ pé ragi nìkan kọ́ ni ó ń bèèrè, àwìn ni ó tún ń bèèrè mọ́ ọn, ragi àti àwìn kò sì yẹ kí wọ́n jọ gun ẹ̀yìn ènìyàn kan ṣoṣo.

ÌMỌ̀RÀN MI

Títí di ìgbà tí mo ń kọ ìwé yìí, ọ̀gá télọ̀ kò tíì fún onílé ẹ̀kọ́ lésì. Ìmọ̀ràn tí mo fún un nìyí. Kí ó gba 120, kí ó bẹ onílé ẹ̀kọ́ kí 80 tí ó kù di oṣù tí ń bọ̀, bí àyè bá ṣì wà. Bí onílé ẹ̀kọ́ kò bá lè dúró, àwọn télọ̀ mìíràn ń bẹ nínú ẹ̀ka wa yìí tí mọṣíìnì wọn ń sùn ju tirẹ̀ lọ. Kí ó pín 80 náà fún wọn ní iye kan náà. Bí ìnáwó wọn bá rí bíi tirẹ̀, ₦64,000 ni yóò wọ ilé wọn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí onílé ẹ̀kọ́ bá ní ọwọ́ kan ni ó gbọ́dọ̀ rán gbogbo 200, kí télọ̀ má ṣe gbà á àfi bí owó náà bá kọjá ₦6,200, nítorí ní ₦6,200 kò ní jèrè, kò sì ní pàdánù. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó fi ọ̀wọ̀ kí i pé ó dàbọ̀.

Bí ó bá sì ti gbà á, kí ó rán an dáadáa. Àwọn ọmọ tí yóò wọ aṣọ náà kò mọ̀ pé ₦5,800 ni. Orúkọ ẹni tí ó rán an ni ìyá wọn yóò bèèrè.

ÀWA NÁÀ Ń KỌ́?

N kò ní parí ọ̀rọ̀ yìí láìsọ ohun tí ó ká mi lára jù. Ní ọdún tí ó kọjá, nígbà tí ẹ̀ka wa fẹ́ ṣe àjọ̀dún, aṣọ ẹgbẹ́ 60 ni a gbé lọ bá ọ̀gá télọ̀ yìí kan náà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Kérésì dé. A ní kí ó dín owó kù fún wa nítorí pé ọmọ wa ni. Èmi ni mo kọ ìwé náà, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà nínú fáìlì mi. Ó dín ₦2,000 kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦120,000 lápapọ̀, ó sì dá àwọn oníbàárà padà kí tiwa lè pé ọjọ́. Oṣù kejì ọdún yìí ni a tó san owó náà tán. A kò kọ ₦120,000 yẹn sínú ìwé ọrẹ, ẹnì kan kò sì dìde kí ó ní ó ṣeun.

Àwa tí a gba ragi lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbà tí mọṣíìnì rẹ̀ kò sùn, ni a wá ń bú u nítorí pé ó fẹ́ fún àlejò ní ragi ní ìgbà tí ó ń sùn. Ta ni ó ba ọjà rẹ̀ jẹ́ jù nínú àwa àti onílé ẹ̀kọ́?

Mo ń fi ohun mẹ́ta síwájú ìpàdé wa tí ń bọ̀. Èkíní, kí a máa gbé aṣọ ẹgbẹ́ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ ní oṣù tí ọjà dákẹ́, kì í ṣe nígbà tí Iléyá tàbí Kérésì bá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Èkejì, kí àpò ẹgbẹ́ san ìdajì owó náà sílẹ̀, kí a sì pín iṣẹ́ náà káàkiri gbogbo télọ̀ wa. Ẹ̀kẹta, kí a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀gá télọ̀ ní gbangba, bí a ti fi gbangba dójú tì í. Èmi tí mo kọ ìwé ọdún tí ó kọjá ni n ó kọ́kọ́ dìde.

Ilẹ̀ àlejò ni a wà. Bí oníṣẹ́ ọwọ́ wa bá ti ṣọ́ọ̀bù, owó ẹgbẹ́ tí ó ń dá kò ní wọlé mọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì túká. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ bí a ti ń ṣírò kí a tó bú ara wa.

Èmi ni ti yín nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́,
Akọ̀wé Ẹ̀ka.